Pupa Tó Wà Nínú Dúdú

Ìyá Alákàn kì í ta alákàn. Àjèjì kan gun àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún wá bá a lọ́jọ́ kan, ó gbé apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní òun fẹ́ mẹ́fà tó sanra. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Orí ènìyàn ló ń tọ́jú. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì máa ń sọ pé ojú tirẹ̀ ló ń ṣọ́ orí àwọn. Bí orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn, débi pé bí ẹnikẹ́ni bá pe èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ó lè má dáhùn.

Làálì ló ń fi sí irun, irun dúdú pàápàá. Kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré iṣẹ́ náà. Ewú rọrùn: ẹ fi làálì sí orí tó ti funfun, yóò pọ́n débi pé afọ́jú pàápàá yóò gbọ́ ariwo rẹ̀. Ṣùgbọ́n làálì kì í bó dúdú, kì í sì í lé e jáde nílé. Ṣe ló máa ń wọlé tọ̀ ọ́ lọ, á jókòó sí yàrá inú lọ́hùn-ún, kò sì ní yọjú àfi bí oòrùn bá kan ilẹ̀kùn. Nínú ilé, irun náà dúdú bó ṣe wà. Lóde, pupa á wá máa rìn lábẹ́ rẹ̀ bí iná abẹ́ eérú. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni kí ẹni tó ń ṣe é ti mọ̀ nínú ilé bí yóò ṣe rí lóde. Àwọn mìíràn máa ń ṣe é, wọ́n á sì máa gbàdúrà. Ìyá Alákàn kì í gbàdúrà sí i. Á gbé ìdì irun kan sí ojú fèrèsé, á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, á ní, "Ó ku ogún ìṣẹ́jú," bó sì ṣe máa rí nìyẹn. Fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò ṣi àwọ̀ kan ṣe rí.

Ó ti wá di oṣù mẹ́jọ báyìí tí ojú fèrèsé ò sọ nǹkan kan fún un mọ́.

Kì í ṣe pé ilẹ̀ ṣú. Kùrukùru ni, kùrukùru tó láwọ̀ oyin, ó rọra bo gbogbo nǹkan láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àwọn oníbàárà ń wọlé bí ẹni tó ń ti inú omi jáde bọ̀, èèyàn ò sì lè mọ ibi tí ara wọn parí sí àti ibi tí aṣọ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Èéfín omi gbígbóná àti aṣọ fèrèsé ti di ọ̀kan náà. Ìkòkò òdòdó tó wà lójú fèrèsé kò ní ewé mọ́, àwọ̀ ewé nìkan ló kù sí i. Ká má purọ́, ó lẹ́wà. Nígbà tí kò bá sí ènìyàn, ó máa ń jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, á máa wo yàrá náà bó ṣe ń léfòó, á sì gbàgbé pé òun gbé omi kaná.

Ó ti lọ rí dókítà ojú, òun nìkan, láìsọ fún ọmọ kan ṣoṣo tó bí.

"Awọ ti bo ẹyin ojú yín méjèèjì, ìyá," ni dókítà náà wí. "A máa ṣí i kúrò. Kò sí wàhálà kankan níbẹ̀, ẹ ò tiẹ̀ ní sùn síbí."

Ó dúpẹ́, ó ní ó dìgbà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé. Kò padà débẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀bẹ ló ń bà á lẹ́rù. Ẹ̀wù kan ni. Ọkọ rẹ̀, tó ń tún aago ṣe nísàlẹ̀ ilé náà kó tó kú, fi ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ sára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ìyàwó rẹ̀ kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ láti ọdún mẹ́fà. Ẹ̀wù lásán ni fún ọdún márùn-ún ó lé. Ìgbà tí kùrukùru dé ni ẹ̀wù náà ní èjìká. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yí padà, ó máa ń ní ọrùn, ọkọ rẹ̀ á sì wà lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe máa ń dúró láyé ọjọ́un, tí kò ní sọ nǹkan kan, tí yóò kàn máa retí kó gbálẹ̀ tán kí wọ́n jọ máa lọ. Orí obìnrin náà kò dàrú. Ó mọ̀ pé ẹ̀wù ni. Ó sì mọ̀ pé bí wọ́n bá ṣí awọ yẹn kúrò, ẹ̀wù ni yóò máa jẹ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án, títí ayé. Ìyẹn gan-an ni kò lè gbà.

Nítorí náà, imú àti ìka ló ń bá a ṣiṣẹ́. Làálì tó ti rẹ mọ́jú sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń rùn bí koríko gbígbẹ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Èlú, ewé kejì tó fi ń sọ ewú di dúdú, máa ń rùn bí ẹ̀wà tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Làálì máa ń yọ̀, á máa fà. Èlú máa ń ṣe sárasàra bí iyanrìn etí omi. Aago tí ọkọ rẹ̀ tún ṣe gbẹ̀yìn ń lù lára ògiri ní wákàtí wákàtí. Á fi gbogbo rẹ̀ ṣírò, á gbé irun sójú fèrèsé, á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n má baà fura, á ní, "Ó tó." Wọ́n á jáde sínú oòrùn, wọ́n á sì rí pupa. Kò sí ẹni tó mọ̀. Ó ti wá gbójú débi pé ó ń ṣàpèjúwe àwọ̀ náà fún wọn lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibi tó jinlẹ̀ àti ibi tó fúyẹ́, bí ẹni tó ń ka ìwé tó ti há sórí.

Ọmọ rẹ̀ ń fẹ́ kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Kò mọ nǹkan kan nípa ojú. Tìtorí àtẹ̀gùn àti orúnkún ló ṣe ń sọ ọ́. "Màmá, ẹ ti ṣe é tó," ni orin rẹ̀ láti ọdún méjì. Èsì kan ṣoṣo ni ìyá rẹ̀ fún un, ó sì fún un níwájú oníbàárà mẹ́ta kí ẹ̀rí lè wà. "Ọjọ́ tí mo bá fi àwọ̀ tí kò tọ́ sórí ènìyàn," ó ní, "ọjọ́ yẹn gan-an ni màá fọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn yìí. Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ dààmú láti lé mi." Gbogbo wọn ló mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó ń tutọ́ sílẹ̀ tó tún ń lá a.

Ní àárọ̀ Sátidé tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọ̀fìnkìn ló jí i. Imú rẹ̀ méjèèjì dí pinpin. Ẹlòmíràn ì bá padà sùn, ṣùgbọ́n orí méjì ló fẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà. Àkọ́kọ́ ni Tíṣà Àgbà, tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì fẹ́ kí ewú òun di dúdú. Ewú kì í gba èlú dáadáa bí làálì kò bá kọ́kọ́ débẹ̀, nítorí náà ó ti fi làálì sí i fún un lánàá, Tíṣà sì ti dé fìlà lọ sílé pẹ̀lú orí tó pọ́n bí ọsàn. Èkejì ni ọmọ rẹ̀ gan-an. Làálì tirẹ̀ ti ń rẹ nínú abọ́ láti àná. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ po èlú Tíṣà tán nígbà tí fóònù dún.

"Ìyá Alákàn, ẹ má bínú," ni Tíṣà wí. "Orúnkún mi ní òun ò gun àtẹ̀gùn kankan lónìí. Ṣé ẹ ò lè bá mi tọ́jú rẹ̀ dọ̀la?"

"Èlú kì í dúró de ẹnikẹ́ni, Tíṣà. Tó bá fi pẹ́ díẹ̀, ó ti kú nìyẹn."

"Orí mi ń jó bí iná, ìyàwó mi sì ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀."

"Ẹ dé fìlà yín, kẹ́ ẹ sì jìnnà sí epo bẹntiróòlù."

Ó fi àwo bo abọ́ èlú náà, ó ní òun á dà á nù tó bá yá. Ọmọ ìyá kan náà ni abọ́ rẹ̀ méjèèjì, àwo tó bò wọ́n náà kò yàtọ̀ síra. Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, apá òsì ni ti làálì, apá ọ̀tún ni ti èlú. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń táràrà wá fóònù, ó ti abọ́ làálì sápá ọ̀tún kí ọwọ́ rẹ̀ lè ráyè, ó sì gbé èlú sí àyè tó ṣófo láìronú kàn án. Òun ò mọ̀. Èmi tí mò ń sọ ọ́ mọ̀, ṣùgbọ́n ká ní mo wà níbẹ̀, bóyá ni mo fi máa lè la ẹnu sọ ọ́, nítorí obìnrin yẹn kì í gba àtúnṣe.

Ìgbà yẹn ni ọmọ rẹ̀ wọlé. Ohùn rẹ̀ dé kí ara rẹ̀ tó dé, ara náà sì jẹ́ òjìji gíga kan tó gbé àpò lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé o jí dáadáa?"

"Dáadáa ni mo jí. Ẹ̀yin ni ẹ ò jí dáadáa, inú àmù lohùn yín ti ń jáde."

"Ọ̀fìnkìn lásán ni. Jókòó."

Ibùdó ọkọ̀ ojú irin ni ọmọ náà ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn gíláàsì. Ọ̀gá wọn ti lẹ ìwé mọ́ ògiri pé òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ kun irun. Ó máa pé ẹni ogójì ọdún lọ́jọ́ Ajé, ó sì ti pinnu pé òun á ṣe ohun kan sí ara òun tí ọ̀gá yẹn kò ní rí. Làálì lórí irun dúdú ló bá ọ̀rọ̀ náà mu jù.

"Tí oòrùn bá wá wọ ibi iṣẹ́ yín ńkọ́?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Oòrùn ò ní tíkẹ́ẹ̀tì, Màmá. A ò ní jẹ́ kó wọlé."

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ya irun náà. Ó mọ orí yìí ju ilé ara rẹ̀ lọ. Níbí ni àpá wà láti ọjọ́ tí ọmọ náà já bọ́ lórí ògiri. Níbí ni irun ti máa ń yí po tí kì í gbọ́ ti òòyà. Ṣùgbọ́n lẹ́bàá etí, ó kan àwọn kan tó le, tó ń ta kọ́ọ́kọ́ọ́ láàárín àwọn yòókù, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Ewú ni. Ọmọ òun ti ń hu ewú.

"Mélòó lo ti hù báyìí?" ó bi í.

"Ẹ ò rí i ni?"

"Mò ń rí i. Ẹnu rẹ ni mo fẹ́ kó ti jáde."

"Mọ́kànlá. Mo kà wọ́n." Ọmọ náà ṣí àpò rẹ̀. "Màmá, mo ra ìbọ̀wọ́ fún yín. Èékánná yín ò ní àwọ̀ tiwọn mọ́, ẹ sì wo bí awọ ọwọ́ yín ṣe gbẹ."

"Ọwọ́ lásán ni mo fi ń ṣe é láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́. Nítorí tèmi."

Ìyá tí ọmọ bá ti sọ nítorí tèmi fún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tán. Ó ti ọwọ́ bọ inú rọ́bà náà, ó na ọwọ́ sápá òsì, ó ṣí àwo, ó sì gbé èlú.

Àwọ̀ ewé ni méjèèjì ní, kò sí ohun tí ọmọ náà ì bá fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Alákàn mọ nǹkan kan. Láti inú rọ́bà, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe sárasàra díẹ̀. Ó dúró. Ó gbé abọ́ náà sún mọ́ imú, imú kò sọ nǹkan kan. Ọkàn rẹ̀ ní kó bọ́ ìbọ̀wọ́ kó fi ìka kàn án, ó sì fẹ́ bọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọmọ náà bi í pé, "Ṣé kò sí nǹkan, Màmá?" Bó bá bọ́ ọ, ó máa ní láti sọ ìdí rẹ̀. Omi ọsàn ni kò tó, ó wí nínú ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kun orí náà láti ẹ̀yìn ọrùn lọ sókè, ìpín kan lẹ́yìn òmíràn, bó ṣe tọ́ àti bó ṣe yẹ. Mo ti rí i pé ibi tí ènìyàn bá ti mọ iṣẹ́ jù ló ti ń purọ́ fún ara rẹ̀ jù.

Làálì kì í kánjú lórí irun dúdú. Wákàtí mẹ́ta ló máa ń fún un. Ó fi ọ̀rá wé orí náà, ó fi aṣọ ìnura lé e, ó ti ẹ̀yìn àga sílẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ lè nà, ó sì po tíì fún àwọn méjèèjì. Oòrùn àárọ̀ ti wọ inú yàrá, ó ń lúwẹ̀ẹ́ kiri láàárín èéfín omi gbígbóná. Ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́, ohùn rẹ̀ ti ń falẹ̀.

"Bàbá àgbàlagbà kan wà tó máa ń wá ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ibì kan náà ló máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ. Á jókòó sórí bẹ́ńṣì títí ọkọ̀ náà á fi lọ, á wá dìde, á máa lọ sílé."

"Kí ló wá ń rà á fún?"

"Mo bi í. Ó ní òun fẹ́ kó wà lọ́wọ́ òun, tí ọkàn òun bá ti múra tán."

Ìyá rẹ̀ mu tíì tirẹ̀, ó ń gbọ́ bí èémí ọmọ náà ṣe ń gùn sí i, títí tí oorun fi gbé e lọ. Òun náà jókòó sórí àga kejì, ó ní òun fẹ́ sinmi ẹsẹ̀ lásán.

Ó lá àlá pé omi kún yàrá náà dé àyà, omi tó láwọ̀ oyin, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn abọ́ ń léfòó, òòyà ń léfòó, aago ń lù lábẹ́ omi, ohùn rẹ̀ sì yí. Ọmọ rẹ̀ wà lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kéré, ó tú irun sílẹ̀, oòrùn sì wà nínú irun náà tó ń rìn bọ̀ tó ń rìn lọ. Ó pe ọmọ náà. Ọmọ náà yí padà sí i. Láti ọrùn lọ sókè, kùrukùru ló wà níbẹ̀, kò sí ojú, kò sí imú, kò sí ẹnu. Nínú àlá náà, ẹ̀rù kò bà á rárá. Ó mú òòyà, ó sì ń ya irun náà lọ.

Ìgbà tó jí ni ẹ̀rù tó bà á. Ó jókòó láìmira, ó ń wá ojú ọmọ rẹ̀ nínú orí ara rẹ̀. Ó rí ti ọmọ ọdún méje, tí eyín iwájú ti ká. Ó rí ti ọjọ́ ìsìnkú bàbá rẹ̀, tó wú. Èyí tí ọmọ náà ń gbé kiri báyìí, èyí tó ní ewú mọ́kànlá lẹ́bàá etí, kò rí i. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn títí èémí ọmọ náà fi ń kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ohun tó sì rí kò ju ìrísí aláwọ̀ ilẹ̀ kan lọ, ó ń dán díẹ̀ bí ìdí ìkòkò tuntun. Ọmọ wà níbẹ̀, ìyá ń wá a. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun.

Aago lù. Ó jí ọmọ náà, ó fọ irun rẹ̀ mọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ tó rin gbindin sọ nù, ó fi aṣọ nu irun náà, ó gbé ìdì kan sí ojú fèrèsé. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó tó," ó ní. "Jẹ́ ká jáde."

Oòrùn ọ̀sán ti kún orí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ náà jókòó sórí àpótí, ó gbé dígí kékeré lé itan, ó gbọn irun rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ìka gbé irun náà sókè díẹ̀díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo wọn.

"Wo bó ṣe gbà á," ó ní. "Lẹ́bàá etí ó fúyẹ́, àwọ̀ tíì tí a gbé sójú ìmọ́lẹ̀ ló ní. Lókè orí ó jinlẹ̀. Àwọn ewú rẹ ti di okùn bàbà, wọ́n ń tàn. Ọ̀gá rẹ ò ní rí i láéláé, àfi tó bá ń tẹ̀ lé ọ kiri."

Ọmọ náà gbé dígí sókè, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ní òpópónà nísàlẹ̀, ẹnì kan ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá, agogo kẹ̀kẹ́ náà dún, ó sì lọ. Ìyá Alákàn gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe gbé itọ́ mì.

"Ó pọ́n, Màmá," ni ọmọ náà wí. "Ó pọ́n gan-an. Ẹ ṣeun."

Láti kékeré, ọmọ yẹn kò lè purọ́ kó má kọ́kọ́ gbé itọ́ mì. Ẹran tó jí jẹ nínú ìkòkò, abọ́ tó fọ́, ìwé tí tíṣà fi ránṣẹ́ sílé, gbogbo wọn ni ìyá rẹ̀ fi itọ́ mọ̀.

"Mò ń bọ̀," ni ìyá náà wí.

Ó wọlé. Ó tọwọ́ bọ abọ́ kejì lórí tábìlì, ọwọ́ lásán, ìka rẹ̀ sì wọlé sínú ohun tó ń yọ̀, tó ń fà, tó kún dé ẹnu abọ́. Làálì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ó di tábìlì mú.

Mi ò ní sọ fún yín pé kò ronú láti fi àwo bò ó padà. Ó rò ó dáadáa. Ọmọ ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbé irọ́ náà fún un, kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ̀. Bó bá bò ó, ọjọ́ Ajé á dé, àwọn oníbàárà á gun àtẹ̀gùn wá, ní aago mẹ́rin ọkọ rẹ̀ á sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó lè gbé inú oyin yẹn títí wọn á fi gbé e jáde. Ṣùgbọ́n bó ṣe dúró síbẹ̀ tí làálì ń kán lórí ìka rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn dìde nínú rẹ̀ tó ju ìyẹn lọ. Irú ojú wo ni ọmọ náà fi sọ ọ́? Ṣé ó ń rẹ́rìn-ín ni àbí omi wà lójú rẹ̀? Ó wù ú láti rí ojú yẹn bí oúnjẹ ṣe máa ń wu ẹni tí ebi ń pa. Ẹni tó kú ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó wà láàyè jókòó síta nínú oòrùn, èyí tó wà láàyè gan-an ni kò rí.

Ó padà síta.

"Èlú ni mo fi sí ọ lórí," ó ní.

"Màmá."

"Àwọ̀ wo ló ní? Òótọ́ ni mo fẹ́ gbọ́."

Ọmọ náà gbé dígí sílẹ̀. "Dúdú ni. Ó dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tí oòrùn bá kàn án, ó máa ń ṣe bí aró. Ó lẹ́wà."

"Mi ò bi ọ́ pé ó lẹ́wà." Ó wá etí àpótí náà, ó jókòó ti ọmọ rẹ̀. "Ó ti di ọdún méjì tí o ti ń bẹ̀ mí pé kí n ti ilẹ̀kùn yìí. Òní lo rí mi mú. Kí ló dé tí o fi purọ́?"

"Mo fẹ́ kí ẹ sinmi ni, Màmá. Mi ò fẹ́ kí ẹ tẹ́."

Ìyá rẹ̀ mi orí.

"Mi ò ríran mọ́," ó ní. "Oṣù mẹ́jọ nìyí. Dókítà ní wọ́n lè ṣí i, èmi ni mo kọ̀. Nínú ohun tó bò mí lójú yìí, mo máa ń rí bàbá rẹ lẹ́nu ilẹ̀kùn, bó ṣe máa ń dúró yẹn. Mi ò fẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mi ò rí, ọmọ mi. Ogójì ọdún lo máa pé lọ́jọ́ Ajé, mi ò sì mọ ojú tí o fi máa pé e."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìpariwo, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n mọ́ ti ìyá rẹ̀. Ìyá náà jẹ́ kó sun ún díẹ̀. Òun pàápàá sun tirẹ̀.

"Ó tó," ó ní nígbà tó yá. "Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ìwọ tí o ń ríran nínú àwa méjèèjì, gbàyè lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ lọ́jọ́ Ajé, kí o mú mi lọ bá dókítà náà."

"Ọ̀gá á bi mí pé kí ni mo ṣe sí irun mi."

"Sọ fún un pé ó dúdú. Kò sí òfin tó de ìyẹn."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú, ó nu imú. Wọ́n wọlé, wọ́n da làálì nù, wọ́n fọ abọ́ méjèèjì, wọ́n pa iná omi. Ìyá Alákàn ti fèrèsé fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde sí orí àtẹ̀gùn, ó ní kí ọmọ rẹ̀ dúró, òun lòun máa ti ilẹ̀kùn náà bí òun ṣe sọ ọ́. Ó wá ihò kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò rí i. Ó wá a lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò na ọwọ́, ó dúró títí tí kọ́kọ́rọ́ fi wọlé, tó sì yí.

"Ìgbà wo lẹ máa ṣí i, Màmá?"

"Tí mo bá ti rí ọ," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì na ọwọ́ síbi tí ohùn náà ti wá.